Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ló Dún

Bàbá mi kò fẹ́ kí owó jáde lápò òun, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní. Kúárì ló ti ṣiṣẹ́, ó fọ́ òkúta títí irun orí rẹ̀ fi funfun, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún un déédéé. Ṣùgbọ́n kí Bàbá ra káàdì sórí fóònù, kó wá máa fi tàkúrọ̀sọ? Láyé! Ó ní òun ò lè fi owó ra afẹ́fẹ́. Fílàṣì ló ń fi fóònù rẹ̀ ṣe, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Bàbá Onífílàṣì. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á tún fìlà rẹ̀ dé, á dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹ̀yin náà mọ fílàṣì. Èèyàn á pè, á jẹ́ kó dún, á pa á kí ẹni tó ń pè tó gbé e. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Àmọ́ láàárín èmi àti Bàbá, fílàṣì ní òfin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe òfin náà lẹ́yìn tí ikọ́ fée kọ́kọ́ mú un gidi. Eruku òkúta ló ti kó sí i láyà láti ọdún yìí wá. Bí ikọ́ náà bá dé, èémí rẹ̀ kì í tó èyí tí yóò fi pe orúkọ èèyàn, ká má tíì sọ pé yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí fóònù.

Ó pè mí jókòó lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ìyá mi." Èmi ọmọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀ o, ó ní mo jọ ìyá òun. "Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, ara mi le, máa ránṣọ rẹ lọ. Bó bá ń dún tí kò dákẹ́, má gbé e, má bi mí ní nǹkan kan. Ṣáà máa bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe é. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì, ọ̀nà jìn díẹ̀ sí ilé Bàbá tó wà nísàlẹ̀ òkè kúárì. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fóònù mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, èmi náà á sì sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá," bí ẹni pé ó ń gbọ́ mi. Mi ò ní wo ẹni tó pè. Ẹsẹ̀ mi ò tilẹ̀ ní í kúrò lórí maṣíìnì.

Ó ti dún rí tí kò dákẹ́. Aṣọ ni mò ń wọ̀n fún oníbàárà kan lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ ni mo fi í sí! Mo sáré síta, ọkọ mi gbé alùpùpù, a ò dúró títí a fi débẹ̀. Oògùn tí Bàbá ń fín sẹ́nu kò ràn án mọ́, ètè rẹ̀ ti yí padà. A gbé e sáàárín ara wa lórí alùpùpù, ó di ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i nímú. Dókítà ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Nígbà tí Bàbá lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ṣé o rí i pé mi ò ná kọ́bọ̀?" Ẹ̀rín pa mí, mo tún ń sunkún.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ilé òun lòun wà, òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà, iléeṣẹ́ fóònù méjì ló wà. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àmọ́ àwọ̀ agboòrùn tí àwọn tó ń ta káàdì wọn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ la fi ń pè wọ́n, Búlúù àti Pupa. Búlúù ló kéré jù. Òun náà ló kọ́kọ́ ri òpó mọ́ orí òkè kúárì nígbà tí ẹnì kankan ò rántí pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Ọkọ mi ló ń tọ́jú òpó yẹn. Òun ló ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, òun ló ń tún un ṣe bó bá kọṣẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà Bàbá, èèyàn á máa wo iná pupa kékeré tó ń tàn lórí òpó náà. Bàbá máa ń fi yangàn pé àna òun ló ń tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún òun.

Àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù ló ṣòfin nígbà náà pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa jẹ́ kí ìpè iléeṣẹ́ kejì gba orí òpó wọn, àti pé ìpè tí wọn kò bá gbé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbowó rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Àwa ò mọ̀ pé òfin kan wà níbì kan. A rò pé bí fóònù ṣe rí nìyẹn ni.

Ni àwọn Pupa bá gbé ọ̀fẹ́ dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó dùn. Wọ́n pín agboòrùn, wọ́n pín fìlà, wọ́n pín síìmù bí ẹni pín ìwé pélébé. Ẹni tó bá wà lórí Pupa, tó bá pe ẹni tó wà lórí Pupa, kò san nǹkan kan, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìyá Oníkáàdì tó ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń ta ti àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, ká agboòrùn búlúù rẹ̀ ó sì fi dí ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Gbogbo wa ló kó lọ sí Pupa. Èmi náà kó lọ, mo sì ra síìmù fún Bàbá.

Bàbá! Bàbá tí kì í pè! Ó di pé kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ó ti pè mí. Á pè mí bó bá ń gbálẹ̀, á pè mí bó bá ń dáná, á ní kí n gbọ́ bí òróró ṣe ń hó. Mo há fóònù sáàárín etí àti èjìká, mò ń ránṣọ, mò ń gbọ́ ọ. Ọmọ mélòó ló gbọ́ ìtàn bí bàbá àti ìyá wọn ṣe pàdé? Èmi ò gbọ́ ọ rí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá kì í sì í dárúkọ rẹ̀ bí a bá wojú ara wa, ojú máa ń tì í. Àmọ́ lórí fóònù, níbi tí mi ò ti rí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, díẹ̀díẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ń gbé omi wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kúárì. Bí òun ṣe ń díbọ́n pé òǹgbẹ ń gbẹ òun nígbà tí ikùn òun ti kún fún omi. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́. Láàárín àkókò yẹn, mo gbọ́ ohùn bàbá mi ju bí mo ṣe gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú mi dùn.

Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Á ti orí òkè dé, á jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, kò ní í jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó, ìpè yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Wọ́n ń náwó lé e lórí. Bí wọ́n bá lé wa lọ tán, ọwọ́ ta ni wọ́n máa ti gbà á padà?"

Mo ní, "Ìlara ló ń ṣe yín. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín lọ́fẹ̀ẹ́."

"Epo jẹnẹrétọ̀ là ń rà."

"Àwọn náà ń ra epo."

"Wọ́n lè máa pàdánù títí ọdún á fi yí po, kò ní í pa wọ́n. Àwa ò lè ṣe é kọjá oṣù díẹ̀."

Mo yọ ṣùtì sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Bàbá pè, mo sì gbé fóònù dìde nídìí oúnjẹ, mo fi ọkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀.

Owó oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé Pupa fẹ́ ra Búlúù. Wọ́n ní Àjọ ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, gbọ̀ngàn iléèwé ni wọ́n pè wá sí. Ọkùnrin tí Àjọ rán wá wọ gíláàsì, ó ń nu ojú rẹ̀ ṣáá nítorí ooru. Ó bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ Àjọ ni láti rí i pé wọn ò rẹ́ wa jẹ. Ó ní bí méjì bá di ọ̀kan, ìnáwó á dín kù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á le, owó ìpè á sì máa wálẹ̀ sí i. Àwọn Pupa ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fún ẹni tó bá ń wọlé ní fìlà. Èmi náà dé tèmi.

Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọkọ mi dìde.

Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló mú owó ìpè wálẹ̀ lónìí? Ṣebí torí pé méjì là ń du oníbàárà ni. Bó bá ku ẹnì kan, ta ló máa bá a du ú? Òpó tó wà lórí òkè kúárì náà ńkọ́? Èèyàn díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Ta ló máa bu epo sí i?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Jókòó jàre! Iṣẹ́ rẹ lò ń gbà sílẹ̀!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fa aṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀ pé kó jókòó. Ọkùnrin onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ gidi ni, wọ́n á fi sínú àdéhùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pàtẹ́wọ́. Ariwo àtẹ́wọ́ náà pọ̀ débi pé ẹyẹ fò kúrò ní òrùlé. Bàbá wà ní ìjókòó iwájú, òun ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi, ó ṣẹ́jú sí mi.

Bí wọ́n ṣe pa Búlúù rẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ rò ó lọ títí, gbogbo yín ló mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń rí. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀fẹ́ di alẹ́ nìkan. Lẹ́yìn náà, alẹ́ náà di owó. Owó ìpè gun òkè, ó sinmi díẹ̀, ó tún gun. Ìyá Oníkáàdì ní èrè tí wọ́n ń fún òun lórí káàdì ti dín sí ìdajì. Mo ní kó lọ bá iléeṣẹ́ kejì. Ó wò mí pé ṣé orí mi pé, èwo ni kejì? Àwa méjèèjì wo agboòrùn búlúù tó fi dí òrùlé.

Wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀ níṣẹ́. Ó ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò, ó ń bá èèyàn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Lọ́jọ́ tí àwọn Pupa lọ pa òpó orí òkè, ó lọ wò ó láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó owó epo tí òpó náà ń jẹ, pé òpó wọn tó wà láàárín ìlú á máa kó ibẹ̀ mọ́ra. Ọkọ mi dé, ó ní, "Wọ́n ti pa iná orí rẹ̀." Kò bú wọn. Bó ṣe sọ ọ́ lásán yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Láti ọjọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ inú ilé Bàbá mọ́. Àfi kó gun òkúta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé, kó dúró ní ṣóńṣó rẹ̀, kó kọjú sí ìlú. Ikọ́ fée lára, ó ń gun òkúta! Mo bá a jà. Mo ní kó kẹ́rù rẹ̀ wálé lọ́dọ̀ mi. Ó ní òkúta ló bọ́ òun dàgbà, kò lè rẹ̀ ẹ́ láti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo ní bí ikọ́ bá mú un nínú ilé ńkọ́? Ó ní òun á rọra gùn ún, òkúta náà ò sá lọ.

Ó padà sí fílàṣì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Ìtàn ìyá mi dúró síbi tó dé. Ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ parí, ó ti rò ó dé ibi tí òun ti sọ ohun tó wà nínú òun fún ìyá mi lẹ́bàá ìkòkò omi, ó ku ohun tí ìyá mi fi dá a lóhùn. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ parí ẹ̀ ná. Kí ni Màmá sọ?" Ó yíjú kúrò, ojú ń tì í bíi ọmọdékùnrin. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ fóònù nìyẹn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ṣe ọ̀fẹ́." Ni mo bá fi í sílẹ̀. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó débẹ̀. Àwọn Pupa máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dà wá láàmú. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Tẹ èyí kí o jẹ ọkọ̀, tẹ tọ̀hún kí o gbọ́ orin, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀bùn. Ìgbà kan wà tí mò ń kà wọ́n. Nígbà tó yá, gbogbo èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, mi ò ní í ṣí i, pípa ni mò ń pa á rẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀kan wọlé, ó gùn, irú èdè tí àwọn lọ́yà ń kọ ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo rí "Àjọ" níbẹ̀, mo rí "ìfọwọ́sí." Mo pa á rẹ́, mo fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, aṣọ iléèwé ni, wọ́n sì fẹ́ kó o. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, eruku ń fẹ́ wọlé láti ojú títì, èmi gan-an ń wúkọ́. Bàbá ti fílàṣì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan, mo ti dúpẹ́. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí fóònù tún dún. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ tètè yá lónìí."

Kò pẹ́, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Mo ti gbọ́ o."

Ó tún dún. Ìyá Oníkáàdì yọjú wọlé, ó ní, "Bàbá Onífílàṣì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Mo ní ó dà bíi pé ó jẹun yó ni. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní, "Háà, Bàbá, àlàáfíà yìí mà pọ̀ o!" Mo sì tẹ maṣíìnì.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n pè é. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé fóònù, mo rántí bí owó ìpè ṣe wọ́n, mo rántí pé ìwọ̀nba tó kù lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi pe ẹni tó ni aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé, kí ni mo fẹ́ fi owó gbọ́? Pé ara rẹ̀ le? Ṣebí ó ti ń sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó dákẹ́, kí n lè gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Mo ti ń rán ọrùn aṣọ tó kẹ́yìn nígbà tí ọkọ mi wọlé, ó ń ti alùpùpù, òógùn bò ó. Inú ń bí i.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò dáhùn fílàṣì mi? Epo tán sí mi lójú ọ̀nà, mò ń pè ọ́ kó o lè gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Mo fẹ́ kó dún títí kó o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà."

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́. Bàbá ló ń fílàṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dún! Ó ń já fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí kò bá lówó lórí fóònù, láti òní, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á jẹ́ kó dún, wọ́n á já a. Wọ́n ní àwa onífílàṣì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń sanwó. Àjọ ti fọwọ́ sí i. Ṣé wọn ò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ ni?"

Mo wo fóònù. Ọkọ mi ṣì ń sọ̀rọ̀, ó wá rí ojú mi. Mo rí i bó ṣe yé e. Ó gbá kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mú, ó ń dà á sínú alùpùpù, ó ń dà á sílẹ̀.

Mo sáré pe Bàbá. Ó dún títí, ohùn obìnrin Pupa ló wá dáhùn, ohùn dídùn, pé ẹni tí mò ń pè kò gbé fóònù rẹ̀.

Ọ̀nà yẹn kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọ̀nà jíjìn la ti rí òpó lórí òkè, ó dúró gbọnrangandan, kò sí iná lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn Bàbá ṣí sílẹ̀. Mo pe "Bàbá! Bàbá ooo!" Ìkòkò wà lórí ààrò, iná ti kú lábẹ́ rẹ̀. Ike oògùn tó ń fín sẹ́nu wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọkọ mi gbé e, ó mì í, ó ti tán.

Mi ò fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ jáde.

Orí òkúta pẹrẹsẹ ló wà. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ibi tó yọrí, ó kọjú sí ìlú. Ó ti já bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di fóònù mú, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo gun òkúta náà pẹ̀lú ọwọ́ àti orúnkún. Mo gbá a mọ́ra. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì kígbe fún ọkọ mi pé kó wá, ó ṣì wà láyè, ara rẹ̀ gbóná. Ọkọ mi fi etí sí i láyà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan òkúta tí a jókòó lé. Oòrùn ti pa á látàárọ̀, òun náà gbóná.

Mo sunkún, mo bú. Mo bú Pupa, mo bú Àjọ, mo bú ọkùnrin onígíláàsì tó kọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi sílẹ̀. Mo bú Bàbá pé ahun ni, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo bi í léèrè ohun tí ìyá mi fi dá a lóhùn. Ọkọ mi jókòó tì wá, kò dá mi lẹ́kun.

Nígbà tí mi ò lè kígbe mọ́, mo rọra yọ fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà mi. Nínú àpò aṣọ mi, tèmi dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó já.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó já. Ara mi le, máa ránṣọ rẹ lọ.

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyàwó, ó tó." Mo gba ọwọ́ mi, mo tún tẹ̀ ẹ́.